Ẹ̀rín, Ìfẹ́ àti Fíìmù Tí Wọ́n Jí Lọ: Ohun Tí Marius Rán Mi Létí Nípa Ọ̀run Móoru

  

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi níbí ní Pleasure, mò ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ariwo kì í tán níbẹ̀. Kọ̀ńdọ́ kan ń pe Ìyànà-Ìpájà, èkejì ń pe Abúlé-Ẹ̀gbá, jẹnẹrétọ̀ ń dáhùn láti ojúlé dé ojúlé. Mo bá yí ohùn fíìmù náà sókè. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí wa wọlé láti wá mú àkàbà tí a yá lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá dúró sí ẹ̀yìn mi. Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú àti funfun, èdè Faransé sì ni wọ́n ń sọ. Ọmọ náà ò gbọ́ Faransé rárá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́rin kan jókòó, wọ́n ń ta káàdì. Ọ̀kan nínú wọn ń dọ́gbọ́n sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ irú káàdì tó yẹ kó jù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì yé onítọ̀hún bọ̀rọ̀.

Ó ní, "Dádì, ta ni bàbá yìí? Ó mà jọ Bàbá Sàlá o!" Ó tún ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ní irú fíìmù báyìí nígbà yẹn, tó jẹ́ ti ìfẹ́, tó tún ń pani lẹ́rìn-ín? Níbo ni èèyàn ti lè rí i wò?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ṣòro. Èkejì ló jẹ́ kí n dákẹ́ díẹ̀. Ìdáhùn tí mi ò lè fún un tán lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Orúkọ fíìmù yẹn ni Marius, ọdún 1931 ló jáde. Kó tó di fíìmù, eré orí ìtàgé ni. Marcel Pagnol, tó ti ṣe olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rí, ló kọ ọ́. Théâtre de Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kẹta ọdún 1929. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ilé ọtí kan wà ní etí èbúté ìlú Marseille, César ló ni ín. Marius ọmọ rẹ̀ ń bá a ta ọtí, ṣùgbọ́n ojú òkun ni ọkàn ọmọ náà wà. Fanny, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ inú òkun níwájú ilé ọtí náà, fẹ́ràn Marius láti kékeré. Panisse, oníṣòwò ìgbòkun tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń fẹ́ Fanny, bẹ́ẹ̀ ó tó bí i lọ́mọ. Ẹ ò ní rí apànìyàn níbẹ̀, ẹ ò ní rí ọba. Ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, Fanny á purọ́ pé Panisse olówó wu òun ju Marius lọ, kí ọmọkùnrin náà lè bá ọkọ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Àtẹ̀yìnwá ẹ̀rín yẹn, ẹkún ni.

Raimu ló ṣe César. Ọmọ ìlú Toulon ni, aláwàdà tó ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní ilé orin àti ilé ijó kó tó di gbajúmọ̀. Pagnol fẹ́ kó ṣe Panisse, ṣùgbọ́n Raimu ní ti César ni òun máa ṣe. Pierre Fresnay tó ṣe Marius kì í ṣe ọmọ Marseille rárá. Ó ní láti kọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fọhùn. Orane Demazis ló ṣe Fanny.

Wàyí o, ibi tí ìtàn fíìmù yìí ti kan àwa náà nìyí. Ilé-iṣẹ́ Paramount ti Amẹ́ríkà ló gbé owó rẹ̀ sílẹ̀, Alexander Korda tó jẹ́ ará Họ́ngárì ló darí rẹ̀, ní Joinville, lẹ́bàá ìlú Paris. Fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nígbà náà. Àwọn oníṣòwò ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa ta fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n ya ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí òṣèré mìíràn máa fi èdè mìíràn ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya Marius ní Faransé, tí wọ́n sì tún ya á ní èdè Jámánì àti èdè Swídìn. Ìtàn kan náà ni, ilé ọtí kan náà, Fanny ń purọ́ kan náà.

Lónìí, ti Faransé ni ayé ń wò. Àwọn méjì yòókù, àwa òpìtàn nìkan ló kù tó ń dárúkọ wọn. Kí ló fà á? Mo gbà pé ohùn ni. Paramount fẹ́ lo àwọn gbajúmọ̀ tiwọn, Pagnol ní àwọn tó ṣe é lórí ìtàgé ni kó ṣe é nínú fíìmù. Àwọn wọ̀nyẹn ti ṣe eré náà níwájú èèyàn lálaalẹ́. Wọ́n mọ ibi tí ẹ̀rín ti ń bọ̀, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́ dúró dè é. Kámẹ́rà ò lè kọ́ni nírú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù bú Pagnol nígbà yẹn. Wọ́n ní ohun tó ń ṣe kì í ṣe fíìmù, wọ́n ní tíátà inú agolo ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé nílé.

Ilé wá yá. Eré apanilẹ́rìn-ín kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá fún wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin ní kí àwọn eléré ṣeré fún Hugh Clapperton àti àwọn tó bá a rìn ní Ọ̀yọ́ Ilé. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní ní apá tó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn eléré náà jáde bí òyìnbó: ara rẹ̀ funfun, ó tín-ín-rín, ó ń fín aṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò tẹlẹ̀ láìwọ bàtà rí. Gbogbo èrò ló bú sẹ́rìn-ín. Àlejò ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, àlejò náà sì jókòó síbẹ̀. Ọdún 1826 mà nìyẹn o.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn Alárìnjó wọ̀nyẹn ni ẹ ó ti wá sí Èkó, sí gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù han àwọn ará Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Inú gbọ̀ngàn kan náà ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà, tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ti ṣe eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ jọ, ó sì ń gbé eré káàkiri láti ìlú dé ìlú. Dúró Ládipọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Moses Ọláìyá àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tọ ọ̀nà kan náà. Fíìmù àti tíátà wa ti jọ wọ ilé kan náà, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn eré Ògúndé kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ ara wọn.

Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Francis Ọládélé àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Calpenny, sọ Kongi's Harvest, eré orí ìtàgé Wọlé Ṣóyínká, di fíìmù. Ossie Davis, òṣèré àti olùdarí láti Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí fíìmù náà jáde, Ṣóyínká tó kọ ọ́ kò fọwọ́ sí bó ṣe rí. Mi ò sọ pé fíìmù náà kò dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé èrò tó ń tẹ̀lé àwọn oníṣẹ́ tíátà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kò gbọ́ ohùn ara wọn nínú rẹ̀.

Ọmọ wa kan tó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọlá Balógun ni. Ìlú Aba ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1945, iléèwé fíìmù IDHEC ní ilẹ̀ Faransé ló sì lọ. Ó kọ́kọ́ ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní ọdún 1975. Ní ọdún 1976, ó ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ni, tó fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà lọ́wọ́ olóṣèlú olówó kan. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà wà níbẹ̀. Adé Fọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló ṣe Àjàní. Dúró Ládipọ̀, ẹni tó ti gbé Ọba Kò So dé Berlin ní ọdún 1964, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọlá Balógun mú iṣẹ́ kámẹ́rà wá láti Paris. Ohun tí kò rí kó bọ̀ láti Paris ni òṣèré tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin dáhùn ọ̀rọ̀, tó mọ bí òwe ṣe ń balẹ̀ sí etí èrò Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. Ọwọ́ àwọn ará ìtàgé nìyẹn wà. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, èrò ya sí ilé sinimá. Àwọn tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù Gẹ̀ẹ́sì rí ra ti Àjàní Ògún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ṣí. Adé Love gbé Ìjà Òmìnira jáde ní ọdún 1979, láti inú ìwé ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Ògúndé sọ Ayé, eré tó ti ń gbé kiri lórí ìtàgé, di fíìmù, ó sì tún ṣe Jáyésinmi tẹ̀ lé e. Ibí ni ẹ̀sùn tíátà inú agolo ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, mo sì wà lára wọn nígbà tí mo ṣì kéré, ń sọ pé àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n ń dojú kọ kámẹ́rà bí ẹni dojú kọ èrò, eré ń falẹ̀. Àwọn kan nínú yín á rántí pé mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Lónìí, mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà padà. Lóòótọ́ ni wọ́n ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìdí rẹ̀: wọ́n ń dúró de ẹ̀rín. Ẹni tó ti ń ṣeré níwájú èèyàn fún ogún ọdún mọ̀ pé bí òun bá sáré sọ gbólóhùn tó kàn, ẹ̀rín á bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ilé sinimá tó kún, ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúlò, èrò ló ń dí i. Èmi tí mo wò ó lémi nìkan nínú ọ́fíìsì ni ò mọ ohun tó wà fún.

Bàbá Sàlá wá dé. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ará Iléṣà ni. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ orin rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ẹ ò lè gbàgbé ìmúra Bàbá Sàlá: dígí gbàgìdì lójú, táì olórí méjì tó fẹ̀ ju ojú lọ, aago tó yẹ kó wà lórí tábìlì ló so mọ́ra. Ẹgbẹ́ Aláwàdà ti gba orí ìtàgé kọjá sórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, kó tó di pé ní ọdún 1982, Ọlá Balógun yìí kan náà darí Ọ̀run Móoru fún un.

Ọkùnrin tí àwọn oníjìbìtì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni Bàbá Sàlá ṣe nínú rẹ̀. Ó tálákà débi tí ayé sú u, ó lọ bá Ikú lọ́hùn-ún, Ikú sì ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kó padà sílé. Ẹ̀rín lẹ máa rín, ẹ ó sì mọ̀ nínú ara yín pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni. Ọmọ àdúgbò mi ò ṣìnà: Raimu àti Bàbá Sàlá, ìran aláwàdà kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pani lẹ́kún ni wọ́n ń fi pani lẹ́rìn-ín.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru ló mú kí n má lè dáhùn ìbéèrè kejì. Àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù náà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹni tí ì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sílé, ó ń wò ó ní pálọ̀. Bàbá Sàlá tó náwó sórí rẹ̀ wọ gbèsè. Ìtàn ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì ló gbé jáde, ni wọ́n bá fi ìtàn náà gan-an lù ú ní jìbìtì. Kò jọ ẹ̀rín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ro ó. Nígbà tí Aláwàdà wà lórí ìtàgé, ta ló lè jí eré wọn? Eré náà wà nínú ara wọn. Bí o bá fẹ́ rí i, o gbọ́dọ̀ wá síbi tí wọ́n wà, o gbọ́dọ̀ sanwó lẹ́nu ọ̀nà, aya tàbí ọmọ ọ̀gá ló sì sábà máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà. Fíìmù ló kọ́kọ́ sọ eré náà di ẹrù tí èèyàn lè gbé sábẹ́ abíyá lọ. Àwọn àgbà yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi fíìmù wọn sílẹ̀ fún onísinimá. Wọ́n ń gbé e kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn, wọ́n ń jókòó ti ẹ̀rọ títí wọ́n á fi fíìmù náà hàn tán, bí ẹni tí eré orí ìtàgé kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìwà ará oko ni. Ìwà ẹni tó mọ olè ni.

Pagnol náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ tó o ju tiwọn lọ. Lẹ́yìn Marius, kò dúró lábẹ́ Paramount. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Fanny jáde ní ọdún 1932. Nígbà tó fi máa di ọdún 1936 tó ṣe César, ìparí ìtàn mẹ́ta náà, òun fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀, ó sì ti ní ilé fíìmù àti ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù tirẹ̀ ní Marseille. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bójú tó bí wọ́n ṣe tún àwọn fíìmù náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí mò ń wò ní Pleasure, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, fi mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Tiwa ń kọ́? Òkè òkun la ti ń fọ fíìmù wa, owó òkè òkun la sì fi ń san án. Nígbà tí náírà wó lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé ọdún 1986, fíìmù yíyà di ohun tí apá ò ká mọ́. Ògúndé ṣe Àyànmọ́ ní ọdún 1988, ó sì kú ní ọdún 1990. Ládipọ̀ ti lọ láti ọdún 1978. Bàbá Sàlá kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn tó kù gba ọ̀nà fídíò, kásẹ́ẹ̀tì tó ba Bàbá Sàlá lọ́jà náà ló wá di oúnjẹ fún ìran tó tẹ̀ lé e. Mi ò kẹ́gàn wọn. Ebi kì í jẹ́ kí èèyàn yan ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pe òfò ní èrè.

Kò jìnnà sí ilé mi sí Pen Cinema ní Agége. Lójoojúmọ́ ni ẹgbàágbèje èèyàn ń dárúkọ ibẹ̀ fún onímọ́tò, afárá ńlá sì ti wà níbẹ̀ báyìí. Ilé sinimá tó fún un lórúkọ kò sí mọ́. Orúkọ náà ni ojú ń rí, bíi ti Àjàní Ògún àti Ọ̀run Móoru tí gbogbo wa ń dárúkọ, tí ọmọ ogún ọdún kò sì mọ ibi tó ti máa rí wọn wò bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín wà ní yunifásítì, nílé tẹlifíṣọ̀n, ní ibi ìkówèésí. Àwọn tó bá Aláwàdà àti ẹgbẹ́ Ògúndé rìn ṣì ku díẹ̀ láyé. Ẹ lọ bá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣeré, ẹ sì tún bi wọ́n ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí wọ́n ń kó rọ́ọ̀lù fíìmù sí, ẹni tí wọ́n fi í sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí páálí àtijọ́ lábẹ́ ibùsùn bàbá kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún.

Ní ti ọmọ àdúgbò mi, mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, a ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bàbá Sàlá fún un bí mo ṣe rántí, tèmi ti aago ọwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ibi tó yẹ kí n dákẹ́, mo dákẹ́, mo dúró dè é. Nígbà tó máa lọ, ó gbàgbé àkàbà tó wá mú.